Ìyàwó Kékeré Inú Mọ́tò Káfíńtà

Kí n má purọ́, mi ò ka ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sí nǹkan kan. Káfíńtà ni. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tí ó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń yínmú sí i. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wọn: tábìlì gígùn kan, ayùn tí ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, àti lẹ́búlẹ́bú pákó tó kún ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ẹni ń rì. Mi ò lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Òun ló ṣe ilẹ̀kùn ilé mi, kò sì tíì dún rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Bí ó bá lọ wọn ẹnu ọ̀nà nílé oníbàárà, kò ní mú tépù. Okùn ni yóò fà yọ lápò, yóò ta kókó kan síbi tí gígùn parí sí, yóò ta òmíràn síbi tí fífẹ̀ parí sí, yóò sì ká okùn náà padà sápò. Pẹ́ńsùlù kan wà létí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò kúrú sí i. Mo bi í nígbà kan pé iṣẹ́ wo ni pẹ́ńsùlù yẹn ń ṣe gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ọ̀ṣọ́ ni."

Àǹtí Tíṣà yẹn náà wà lára ohun tó ń bí mi nínú. Tíṣà ni mí lóòótọ́, kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkà ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń pè é pẹ̀lú ìtẹríba, tí yóò dìde lórí àga tí mo bá wọlé, mo gbà pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ ti mọ́tò. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Kò sí pátákó ojú ọ̀nà tí kò ní kà sókè: ọ̀nà ọjà rèé, wọ́n ní ká má yà síbí, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ òsì. Mo rò pé àròyé ni, ìgbà kan ṣoṣo tí mo sì káàánú káfíńtà nìyẹn. Nígbà tó di ọdún tó kọjá, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ojú òsì ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀tún sì ń tẹ̀lé e. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ afinimọ̀nà, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò, tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu sátẹ́láìtì, tí yóò sì máa fi ohùn obìnrin pàṣẹ fún awakọ̀.

Ìyàwó Kékeré ni mo sọ ọ́. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín lójú mi. Àgbàlagbà ọkùnrin kò lè lọ ra ìṣó àfi tí obìnrin inú ẹ̀rọ bá sọ pé kó yà sọ́tùn-ún. Àwọn àgbà ní oníbèérè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn ò ní kéèyàn máa béèrè ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló bá a to àwọn ibi tí ó máa ń lọ sínú ẹ̀rọ náà. Bí ó bá fẹ́ yan ọ̀kan, yóò fi ìka ka ìlà láti òkè wá sísàlẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, ètè rẹ̀ yóò máa mì. Mo ṣe é wò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yàrá àwọn tíṣà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ife tíì fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

Nígbà tó yá, ọsibítù ojú kọ lẹ́tà pé kí ẹ̀gbọ́n mi wá fún iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Ẹni tó bá pẹ́, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí dókítà tó ń ṣe é kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ojú náà ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Òdìkejì ìlú ni ọsibítù ọ̀hún wà, kò sí ẹni tó débẹ̀ rí nínú wa, ṣùgbọ́n ọmọ wọn ti fi í kún àwọn ibi tó wà nínú ẹ̀rọ.

Aago méje ku díẹ̀ ni mo dé ilé wọn láti bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń wọ bàtà nínú ilé. Mo rí Ìyàwó Kékeré lára gíláàsì, inú kàn bí mi ni. Mo yọ ọ́, mo jù ú sínú báàgì mi. Nígbà tí káfíńtà jáde, mo na lẹ́tà sí i.

"Wọ́n kọ ọ̀nà sí ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sinmi lọ́wọ́ Ìyàwó Kékeré yín lónìí."

Ó wo lẹ́tà náà pẹ́. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa tẹ̀lé wa ṣá."

"Àgbàlagbà ni yín," mo ní, mo sì wọlé sẹ́yìn mọ́tò.

Ó gbé lẹ́tà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wá síjókòó iwájú, a sì gbéra.

Nígbà tí a kọjá afárá, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló dé tí Ìyàwó Kékeré kò sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sinmi," ọkọ rẹ̀ ní.

Ẹ̀gbọ́n mi fún aṣọ orí itan rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Kí lẹ ń rí?"

"Pátákó kan. Aláwọ̀ ewé."

Mo pòṣé. Ta ló ń fi àwọ̀ ka pátákó? A kọjá ilé epo kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a tún kọjá rẹ̀. Ní ìkóríta tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó pé ọsibítù ojú, ọwọ́ òsì. Mo rí i nígbà àkọ́kọ́. Mo rí i nígbà kejì. Mo dákẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ò mọ nǹkan kan láyé. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí a dé ilé epo náà lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ṣé ojú tiyín náà ti fọ́ ni? Pátákó tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ."

Ó pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi ò yíjú padà.

"Bàbá wọn, mo fẹ́ sọ ọ́ o."

"Sọ ọ́," ó ní.

"Àbúrò mi, kò mọ̀wé kà. Wọn ò rán an nílé ìwé rí. Èmi ni mo máa ń kà á fún un, títí ojú mi fi kọ̀. Níbo lo gbé ẹ̀rọ yẹn sí?"

Mo ṣí báàgì mi. Mo na ẹ̀rọ náà sí ọkọ rẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ gíláàsì, ó fi ìka kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò ṣìnà mọ́. Ṣùgbọ́n iná ojú pópó àti àwọn mọ́tò tó kún ọ̀nà ò mọ̀ pé nítorí ojú èèyàn la ṣe ń sáré. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni a dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba aláìsàn wọlé ní ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti gbé ẹlòmíràn wọlé. Ó bi wá pé kí ló dá wa dúró.

"Èmi ni mo ṣìnà," káfíńtà ní. "Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni."

Mo gbọ́. Èmi tí mo fi í ṣe ẹlẹ́yà láàárín àwọn tíṣà, mo dúró síbẹ̀, mo jẹ́ kí ó ru ú.

Nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ mìíràn sínú ìwé pélébé kan, ó nà án sí i. Ó gbà á, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀ tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bí ó ti máa ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó sì fi sílẹ̀ lórí itan.

"Àǹtí Tíṣà," káfíńtà ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ó fa okùn yọ lápò, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó mẹ́fà sí i.