Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tó Ṣófo

Ọmọ ọlọ́mọ ni Bodil Thorup fi ń jẹun. Láti ìgbà tí òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ ni ìjọba ìbílẹ̀ ti fún un láṣẹ pé kó máa tọ́jú ìkókó nínú ilé ara rẹ̀ ní Lemvig, ìlú etí òkun kan nílẹ̀ òyìnbó, kí àwọn ìyá wọn lè ráyè lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú ti di géńdé, àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ti ń gbé ọmọ tiwọn wá fún un. Síbẹ̀, ọkàn obìnrin yìí kì í balẹ̀. Ẹni tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ, oorun ojú rẹ̀ ti dín kù nìyẹn.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àníyàn rẹ̀ wá di méjì. Signe, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bá ètò pàṣípààrọ̀ ọmọ iléèwé lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé Holbrook ní Texas. Tessa, ọmọbìnrin ìdílé Holbrook, wá ń gbé lọ́dọ̀ Bodil. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ wọn wà lọ́wọ́ mi: ohun tí Bodil fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn nígbàkigbà tí Tessa bá ti fẹ́ bí i nínú.

Tessa kì í ṣe ọmọ burúkú o. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé wọn ló yàtọ̀. "Mà" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bodil ní kó yé pe òun bẹ́ẹ̀, pé orúkọ òun ni kó máa pè, nítorí ẹni tó bá ń pe òun ní mà, ó dá òun lójú pé ó ní ọjà tó fẹ́ tà fún òun. Tessa á ní, "Ó dáa, Bodil mà." Èyí tó wá burú jù ni ti bàtà. Ojoojúmọ́ ló ń wọ bàtà ìta gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá rẹ̀, ojoojúmọ́ náà ni Bodil ń nu ẹrẹ̀ kiri.

Bodil bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé màlúù lẹ ń sìn nínú pálọ̀ ní Texas ni?"

Tessa rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì tún gbàgbé lọ́jọ́ kejì.

Ọmọ tó kéré jù lọ́dọ̀ Bodil nígbà yẹn ni Villads. Jonna, ìyá rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wàràkàṣì. Ojú Jonna rí màbo kó tó rí ọmọ yìí bí. Bí gbogbo ìkókó ìlú náà, ìta ni Villads ti ń sun oorun ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òtútù ni o. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, yìnyín ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bodil wọ ọmọ láṣọ irun àgùntàn, ó fi aṣọ ìbora dì í sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ti kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi ápù lẹ́yìnkùlé, ó wọlé lọ fún àwọn ọmọ méjì yòókù lóúnjẹ.

Nígbà tó tún yọjú lójú fèrèsé, ó rí i pé ìbòrí kẹ̀kẹ́ ti ṣí sẹ́yìn. Ó sáré jáde. Kò sí ọmọ, kò sí aṣọ ìbora.

Ó wo abẹ́ igbó ọgbà, ó sáré dé ẹnu géètì, ó ké orúkọ ọmọ náà bí ẹni pé ìkókó lè jẹ́ ẹ. Ojú ọ̀nà dá. Yìnyín ti bo gbogbo ipa ẹsẹ̀ àyàfi tirẹ̀. Nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, omi èbúté dúdú kirikiri, Bodil ò sì fẹ́ wo ọ̀hún. Kò lè fi àwọn méjì tó wà nínú ilé sílẹ̀. Ó padà wọlé, ó pe Jonna.

"Jonna, máa bọ̀. Mi ò rí Villads."

Jonna ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti pa fóònù.

Irú ìpè tí Bodil ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á pe òun láti Texas nípa Signe rèé, òun fúnra rẹ̀ ló wá pe ẹlòmíì. Ó dúró ti àtẹ̀gùn, ó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ìgbà náà ni nǹkan tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nínú gbogbo ìpayà yẹn, ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀. Yìnyín tó ń yọ́, ipa bàtà, láti ìsàlẹ̀ títí dókè.

Ó sáré gòkè. Tessa, tó yẹ kó wà ní iléèwé, jókòó sórí ibùsùn, ó faramọ́ ògiri. Villads ń sùn lórí àyà rẹ̀.

"Olùkọ́ wa ò wá, mà," ni Tessa wí. "Mo rí i nínú yìnyín. Mo rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kójú tì yín. Nígbà tí mo wá gbọ́ tí ẹ ń pariwo, ẹ̀rù bà mí."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Bodil ni pé kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé wọn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n Signe sọ sí i lọ́kàn. Ta ló mọ àṣìṣe tí ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣe nínú ilé onílé? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó tún pe Jonna, ìyẹn ò gbé fóònù.

Jonna wọlé pẹ̀lú fìlà funfun ilé iṣẹ́ lórí, ojú rẹ̀ ti wọ̀. Ó já ọmọ gbà. Bodil ìbá wá irọ́ kan pa. Òtítọ́ korò, òun náà ló sọ, ó ní ilé òun ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀bi òun ni. Tessa ní, "Èmi ni mo gbé e, mà. Nílùú wa, ọlọ́pàá á mú ìyá tó bá fi ọmọ síta báyìí."

Jonna gbé imú lé orí ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Bodil mọ ohun tó ń bọ̀: tí ọmọ yìí bá bá ìyá rẹ̀ lọ báyìí, kó tó dọ̀la gbogbo ìlú á ti gbọ́, àwọn méjì yòókù náà á lọ, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Jonna jáde. Bodil ń retí ìró ọkọ̀. Abẹ́ igi ápù ni Jonna yà sí. Ó gbọn yìnyín kúrò nínú kẹ̀kẹ́, ó tẹ́ ọmọ sínú rẹ̀, ó fi aṣọ ìbora dì í dáadáa.

"Kò tíì sùn tó," ni Jonna wí. "Mo máa wá gbé e tí mo bá ṣíwọ́."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Bodil jókòó sórí àtẹ̀gùn tó tutù, ó bú sẹ́kún. Tessa lọ dúró lójú fèrèsé, kò gbójú kúrò lára kẹ̀kẹ́ títí ọmọ fi jí. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, Bodil ò sì sọ nǹkan kan.