Káàdì Ìdánwò ní Ọjà'ba

Ìgbà mẹ́tàlélógún ni ẹ̀rọ POS tí àbúrò mi ń ṣètò gba káàdì láì ṣàṣìṣe. Nígbà tó di ìkẹrìnlélógún, ìyá kan ní kí wọ́n bá òun yọ igba náírà kúrò nínú owó aṣọ, ni ọ̀rọ̀ bá dàrú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ààwẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ. Àbúrò mi obìnrin ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ fún ọdún méjì kó lè kọ ètò tí yóò so POS mọ́ kọ̀ǹpútà ìsọ̀: bí wọ́n bá ti tẹ iye aṣọ sórí kọ̀ǹpútà, POS yóò gbé e jáde fúnra rẹ̀. Àwọn aláṣọ ti ṣèlérí pé àwọn yóò gbà á kí Iléyá tó dé, bí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ bá lè fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa iṣẹ́ ìròyìn tì lọ́jọ́ náà, tí mo ń bá a gbé wáyà.

Ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ rán wá mú ìwé kan lọ́wọ́, gbogbo ohun tí yóò dán wò ló wà lórí rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà àṣírí tí kò tọ̀nà. Ó fa káàdì yọ nígbà tí kò tíì yẹ. Ó ní kí n pa iná. Ẹ̀rọ kò ṣìṣe.

Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan. Ẹ pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ wá, kó wá rajà."

Ìyá onígèlè tó wà ní ìsọ̀ kejì wọlé. Wọ́n fún un ní káàdì ìdánwò, ó sì mú àǹkàrá kan. Ìyá Ẹgbẹ́ tẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Onígèlè ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ló bá yíjú padà.

"Ẹ bá mi yọ igba níbẹ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Káàdì ìdánwò ni, mà. Kò sówó nínú ẹ̀."

"Ọmọ mi, ṣé torí pé kò sówó nínú ẹ̀ ni n ó ṣe san iye tí wọ́n bá pè?"

Ìyá Ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ahun! Owó tí kì í ṣe tìẹ náà lo tún ń ṣahun sí!" Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí kọ̀ǹpútà, ó ti yọ igba náírà, bó ṣe máa ń ṣe fún oníbàárà lójoojúmọ́.

Rísíìtì kọ̀ǹpútà sọ pé ẹgbẹ̀rún méje ó lé ẹgbẹ̀rin. POS gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ géérégé.

Ọkùnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. "Èyí ò sí níbí. Gbogbo èyí tó wà níbí lẹ ti yege. Mo lè fọwọ́ sí i."

Ó ti ṣí bírò. Mo wo àbúrò mi.

"Ẹ má tíì fọwọ́ sí i, sà," ló wí. "Lọ́jà yìí, bí káàdì bá ti wọlé gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nájà."

Onígèlè ní, "Háà, mo ti ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!"

"O ò ba nǹkan kan jẹ́," Ìyá Ẹgbẹ́ dá a lóhùn. "Ẹni tó fẹnu ara ẹ̀ sọ àléébù ọjà ẹ̀, a ó dúró dè é."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà ilé-iṣẹ́ dé. Wọ́n ní àwọn ti fi dídín owó ọjà kù lẹ́yìn tí káàdì bá ti wọlé kún ohun tí àwọn yóò máa dán wò lára gbogbo ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí iye méjèèjì bá bára mu, yóò fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí ìyá onígèlè wà níbẹ̀.