Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Mo Fẹ́ Fi Ṣọ́ Ajá Tó Gé Mi Jẹ

Kí n má parọ́, n ò fẹ́ràn ajá rí. Ní àdúgbò wa ní Bàrígà, létí ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ajá tí ẹnikẹ́ni ò ni ló kún ibẹ̀, orí ẹja tí àwọn ẹlẹ́ja bá dà nù ni wọ́n ń jẹ. Láyé ológun, ta ló ráyè tajá? Ìgbà tí ìjọba alágbádá dé ni alága káńsù tuntun fẹ́ kí aráyé rí i pé òun ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri pé ẹni tó bá lájá kó so ó mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n bá bá níta, ẹran tí wọ́n fi májèlé sí ni yóò jẹ. Inú mi dùn. Mo ní káńsù yìí kúkú gbọ́n.

Ọjọ́ kejì ìkéde náà ni ọ̀kan nínú wọn gé mi jẹ. Aránṣọ ni mí. Mo gbé aṣọ oníbàárà dání, mò ń lọ jẹ́jẹ́ mi, n ò tẹ ìrù ẹnikẹ́ni. Ajá pupa kan kàn yọ lẹ́yìn tábìlì ẹlẹ́ja, ó ki eyín bọ ojúgun mi. Yéè! Ẹ̀jẹ̀ bò mí lẹ́sẹ̀.

Wólé-wólé káńsù kan ń gbé nítòsí wa. Òun ló ní kí n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà dáadáa, ó sì jókòó tì mí títí mo fi fọ̀ ọ́ tán.

Ó ní, "Àǹtí, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ò sí ní ọsibítù ìjọba báyìí. Ẹ wá ajá yẹn, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀. Bó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá tí kò kú, ẹ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á o."

Mo ní, "Bó bá wá kú ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Omi ló máa ń kọ́kọ́ ba ẹni tí àrùn náà bá mú lẹ́rù. Èèyàn ò ní lè gbé omi mì mọ́. Tó bá ti débẹ̀, kò sóògùn."

Láyé òde òní, wọ́n ní èèyàn kì í dúró wo ajá mọ́, abẹ́rẹ́ ni kíákíá. Nígbà náà, ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo fi ẹja díndín tan ajá náà wọ ẹ̀yìnkùlé, mo fi okùn dè é mọ́ òpó. Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, màá ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá sùn pẹ́, àyà mi á já. Bó bá yí ojú kúrò lára oúnjẹ, màá fẹ́ẹ̀ sunkún. Èmi tí mo kórìíra ajá ni mò ń pè é ní ọkọ mi! "Ọkọ mi, jẹun. Nítorí Ọlọ́run, má kú."

Ìyá onílé wa ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbà Mùsùlùmí tó ti Ìjẹ̀bú wá ni wọ́n, àwọn ló gbà mí bí ọmọ nígbà tí n ò mọ ẹnì kankan l'Ékòó. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀mí ẹ lo so mọ́lẹ̀ yẹn o. Ohun tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé wọ́n ń fi okùn dè é ni? Tú u sílẹ̀, fi ṣe sàárà. Ọlọ́run á tú ìwọ náà sílẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Wólé-wólé ló ní kí n so ó."

"Ṣé wólé-wólé ni Ọlọ́run?"

Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo lọ kó aṣọ fún oníbàárà kan ní Ọbanikoro. Ìgbà tí mo dé, okùn nìkan ló wà lẹ́bàá òpó. Màmá jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn ń dán.

"Mo ti bá ẹ ṣe sàárà yẹn. Mo ṣàdúrà fún un kí n tó tú u. Ó ti parí."

Mo figbe ta. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn káńsù ti da ẹran sí ojú títì. Òkú ajá sùn lọ bẹẹrẹ létí gọ́tà, wọ́n ń gbé wọn jù sínú ọkọ̀. Tèmi wà láàárín wọn, ìfófòó lẹ́nu rẹ̀. Wólé-wólé wa náà wà níbẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní kó sọ fún mi, ṣé májèlé ni àbí dìgbòlugi.

Ó ní, "Àǹtí, gbogbo wọn ló ń yọ ìfófòó. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀."

Mo yá owó ńlá kí n tó rí abẹ́rẹ́ gbà ní ọsibítù aládàáni kan lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ó ti pẹ́ díẹ̀, àti pé àrùn náà lè sá pamọ́ sára fún oṣù, nígbà mìíràn fún ọdún. Mo padà sílé, n ò kí Màmá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gba iwájú wọn kọjá láìkúnlẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí jù bí inú ṣe ń bí mi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo ṣílẹ̀kùn, mo bá wọn níwájú yàrá mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ife omi mú; wólé-wólé ti sọ fún wọn bí omi ṣe ń ba ẹni tí àrùn náà bá mú lẹ́rù. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti kúnlẹ̀. Háà! Àgbà tó lè bí ìyá mi, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi.

"Mu ún, ọmọ mi. Jẹ́ kí n rí i."

Mo gba ife náà. Mo rò pé omi náà kò ní lọ. Ó lọ. Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé omi wá, ọdún ń gorí ọdún. N ò sọ fún wọn rí pé bí wọn ò bá sí níbẹ̀, n kì í lè fẹnu kan omi láàárọ̀, ẹ̀rù á máa bà mí pé kò ní lọ.

Ìgbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, tí wọn ò mọ ọmọ tí wọ́n bí mọ́, mo wọlé lọ kí wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n lajú.

"O ti mu omi?"

Mo ní, "Mo ti mu ún, Màmá." Irọ́ ni. Láti àárọ̀ ni mo ti bu omi sílẹ̀, tí mò ń wò ó.