Epo Pupa Lára Ẹ̀rọ Bàbá Sẹ̀míù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi létí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà nígbà tí mo wà ní géńdé ní Àjàṣẹ́. Ó ti pẹ́ o! Kò tíì pẹ́ tí Dàhòmì gba òmìnira nígbà náà. Síbẹ̀, bí mo bá rántí, àyà mi ṣì máa ń já.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń tún ṣe ní àdúgbò Akron. Ilé kẹta sí tiwa ni Bàbá Sẹ̀míù ń gbé, mẹkaníkì àgbà tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ọkọ̀ ojú irin ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá yìí wá ń fi ọjọ́ ogbó ṣe? Ó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré tí kò gùn ju apá mi lọ, tó ní ìkòkò omi tirẹ̀, tí yóò máa fi ooru rìn lórí tábìlì!

Ẹ̀rọ kékeré kan ló fi ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Túù la máa ń pè é lọ́dọ̀ wa, bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Okùn awọ kan ló ń fa agbára láti ìsàlẹ̀ wá sókè, idẹ tí wọ́n ń gbẹ́ á máa yí, ọ̀bẹ irin á sì máa họ ọ́ títí yóò fi rí roboto. Bàbá kì í yá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rọ náà.

Àmọ́ ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Wọ́n ní kó wá sí ọsibítù ní Kútọnù ní Àbámẹ́ta fún iṣẹ́ abẹ, dókítà ò sì lè fi dá a lójú pé yóò tún ríran. Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà péré ló kù lára ọkọ̀ náà. Ló bá pè mí, ó ní kí n gbé túù lọ sílé, kí n bá òun gbẹ́ wọn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní kí òun ṣáà fi ojú òun rí i tó ń rìn kí òun tó lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo gbé e dé. Kí n tó wẹ̀ tán, ìyá mi ti gbé ìgò epo pupa. Ṣé irin tuntun á wọlé wa kí a má kí Ògún ni? Ó da epo sí i lórí, ó ní kó má gé ọmọ òun lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo fi àkísà nu gbogbo irin rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kẹ̀kẹ́ méjì jáde dáadáa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìwàǹwára mú mi, mo ti ọ̀bẹ wọnú idẹ ju bó ti yẹ lọ. Gbàù! Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ ẹsẹ̀, idẹ á yí o, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, á dúró. Yéè! Mo ti ba ẹ̀rọ bàbá jẹ́!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tú orí rẹ̀, mi ò rí ibi tó kán. Lọ́jọ́rú, ìyàwó bàbá yà wá béèrè iṣẹ́. Mo ní ó ń lọ geere! Irọ́ funfun báláú. Lọ́jọ́bọ̀, mo sáré lọ sí Àjàrá bóyá mo lè rí alágbẹ̀dẹ tó mọ̀ ọ́n. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni bàbá fúnra rẹ̀ dé, ó ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa ẹ̀rọ náà títí ó fi kan okùn awọ, ó wá gbóòórùn ìka rẹ̀.

"Ta ló da epo sí i?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ògún ni mo kí."

"Ògún ló ni irin, Ìyá. Awọ màlúù yìí kì í ṣe tirẹ̀."

Àṣé epo ti rin inú awọ náà, ó sì ń yọ̀, kò lè fa agbára dé òkè mọ́! Bàbá ní kí wọ́n bu eérú wá láti ìdí àdògán. Ó fi ra okùn náà, ó nù ún, ó tún fi rà á. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í họ! Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì.

Mo fẹ́ fò sókè. Ìgbà náà ni bàbá rọra bi mí pé láti ọjọ́ Ajé, kí ló dé tí n kò wá pe òun? Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ló ṣì kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ààbọ̀ ọjọ́. Ìdájí Àbámẹ́ta ni bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnù, ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ wà nílẹ̀ láìní ẹsẹ̀.

Ojú náà kò là mọ́.

Kí bàbá tó dé, mo ti gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tó kù. Nígbà tó dé, a dáná sí ọkọ̀ náà, ó sì rìn. Bàbá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì, ó ń gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tó tutù, ó gbé e, ó fi àtàǹpàkò yí àwọn kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń dúró kó sunkún, tàbí kó ṣépè fún mi.

"Kẹ̀kẹ́ kẹrin yìí ò rí roboto tó," ó wí. "Lọ tún un gbẹ́."

Mo tún un gbẹ́. Mo sunkún bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: epo ìyá mi ò ná wa ju eérú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo pa mọ́ gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ojú bàbá. Bí ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ yín bá yiwọ́, ẹ sáré lọ bá olóhun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìbẹ̀rù mú yín fi pamọ́ rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan.