Èèpo Àgbọn Abigail

Bí inú Abigail Ọlágbénró, ìyá Ẹ̀bùn, bá dùn, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí omi ní Warri ló ń gbé, ẹja yíyan ló sì ń ṣe jẹun, títí èéfín fi fẹ́ gba ojú lọ́wọ́ ẹ̀. Dókítà ní bí kò bá jáwọ́, yóò fọ́jú. Kó jáwọ́ kẹ̀? Kí ni yóò wá máa jẹ?

Àfi bí Akínrẹ̀mí, ẹnjiníà tí iléeṣẹ́ epo gbé wá láti Èkó, tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣe fún un ní pẹpẹ kan nínú ilé ọ̀rá, ilé ọ̀gbìn tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tó kọ́ sí Orhuwhorun lẹ́bàá Warri. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin kóró tòmátì, tí àwọn àgbẹ̀ á wá ra ọmọ rẹ̀ lọ gbìn sóko. Nítorí àrùn inú ilẹ̀, wọn kì í lo iyẹ̀pẹ̀. Èèpo àgbọn tí a gún kúnná, tí a pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, ni wọ́n ń gbìn ín sí. Akínrẹ̀mí ní bó bá hù dáadáa, pẹpẹ di ti Abigail. Bí kò bá hù, ẹlòmíràn ni yóò gbé e fún.

Ta ni yóò kọ́ ọmọ Ìlàjẹ ní ti àgbọn? Abigail ri èèpo sódò ẹ̀yìnkùlé kó lè rọ̀, bí ìyá ẹ̀ ti ń ṣe bó bá fẹ́ fi lọ́ okùn. Tòmátì yọrí, inú ẹ̀ dùn ṣìnkìn. Kò pẹ́, etí ewé ń jó, gbogbo ẹ̀ kú pátá. Ó bẹ Akínrẹ̀mí. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.

Abigail bu èèpo náà kan ahọ́n bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Iyọ̀! Omi tí òkun ń dà sí ló fi rẹ èèpo, òun ọmọ etí òkun! Ó pòṣé, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ẹni ṣe: ó kó èèpo sínú àpò, ó gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, òjò Warri tí gbogbo ayé ń bú sì ń fọ̀ ọ́. Ó ń tọ́ ọ wò títí kò fi ní iyọ̀ mọ́, ó wá tún gbìn.

Áà, ẹ wá wo ewé! Ó tutù yọ̀yọ̀, ó kún pẹpẹ bámúbámú. Abigail jó yí i ká. Akínrẹ̀mí wò ó títí, ó ní, "Màmá Ẹ̀bùn, pẹpẹ yín rèé."

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni Abigail pe Bísọ́lá, tó ń ta ẹja tútù fún un ní ọjà Pessu, pé kó má gbé ẹja sílẹ̀ fún òun mọ́. Bísọ́lá bi í pé títí di ìgbà wo.

"Títí láé," ni Abigail wí.