Ọjọ́ tí Gideon Bírikìlà Wọn Ààfin Wò ní Vienna

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ìlọ́fà pé olóògbé Gideon Adéjùwọ́n, bírikìlà, ti wọn òpó ààfin òyìnbó wò rí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni nígbà náà. Ní ọ̀sán gangan, ní ìlú Vienna, níbi tí àwọn ọba Austria ń gbé láyé àtijọ́, ó fa okùn ìwọ̀n rẹ̀ yọ lápò kóòtù, èyí tí irin wúwo so mọ́ nídìí. Ó fi orí okùn ti òpó, ó wá ń wo irin náà bó ṣe ń mì síhìn-ín, tó ń mì sọ́hùn-ún.

Ẹ̀ṣọ́ kan sáré dé, ó ń da èdè Jámánì bolẹ̀.

"Ẹ rọra," ni Gideon fi Yorùbá dá a lóhùn. "Okùn ò tíì dúró."

Ẹ̀ṣọ́ nawọ́ sí ojú títì. Gideon nawọ́ sí irin. Ẹ̀ṣọ́ pariwo. Gideon fi ìka lé ètè, bí ẹni tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Àwọn arìnrìn-àjò ti pagbo yí wọn ká, wọ́n ń ya fọ́tò. Nígbà tó yá, ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ lóṣòó, ó tẹjú mọ́ irin náà. Ó mì, ó mì, ó dúró. Gideon na ẹ̀yìn, ó bọ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́.

"Ó gún régé. Ẹ kú iṣẹ́."

Ká sọ òótọ́, kò tiẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀. Ọpẹ́yẹmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Vienna, ló ní kó wá kí òun. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde. Tó bá di Sátidé, màá mú yín rìn."

"Ṣé ẹrù ni mí, tí wọ́n á máa gbé mi kiri?"

"Ẹ máa sọnù ni o!"

"Ẹni tó níbi tó ń lọ ló ń sọnù. Èmi ò níbi tí mò ń lọ."

Bí ó ṣe gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé báyìí, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Lẹ́yìn tó kúrò ní ààfin, ó kọjú sí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sinmi. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá arúgbó òyìnbó kan na ọwọ́ sí i. Gideon rò pé ìrànlọ́wọ́ ni ìyá náà ń wá, ló bá gbá ọwọ́ yẹn mú, làwọn méjèèjì bá ń wọ́ ara wọn gòkè. Títí ó fi kú, kò gbà pé òun ni wọ́n ràn lọ́wọ́.

Lókè pátápátá, obìnrin kan tó ń fi ìlú han àlejò ń ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì: ọba báyìí ló kọ́ tibí, ọba báyìí ló kọ́ tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ yìí bí Gideon nínú. Láti Ìlọ́fà dé Osi dé Koro, ogójì ọdún ló fi kọ́lé fáwọn èèyàn. Lọ́jọ́ ìṣílé, olówó ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún, ẹ̀yìn èrò ni òun máa ń dúró. Ó nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Màdáámù, ṣé ọba náà ló gbé òkúta yìí dé ibí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Rárá, sà. Àwọn òṣìṣẹ́ ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

"A ò mọ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn àlejò yín. Ẹ ní àwọn tí ẹ ò mọ orúkọ wọn ló kọ́ ọ."

Obìnrin náà fẹ́ kọjá; Gideon ò yẹ̀ lọ́nà. Àfìgbà tó sọ ọ́ ketekete, táwọn àlejò sì pàtẹ́wọ́. Gideon bọ́ fìlà, ó tẹrí ba, ó gba àtẹ́wọ́ náà lórúkọ gbogbo bírikìlà ayé.

Nígbà tí Ọpẹ́yẹmí dé, ilé ṣófo. Ó ti sunkún títí kí bàbá rẹ̀ tó yọjú nírọ̀lẹ́, tó ń súfèé.

"Bàámi! Báwo lẹ ṣe mọ ilé?"

"Gbogbo ilé àdúgbò yìí ló jọra. Tiyín nìkan ni wọ́n rẹ́ ògiri ẹ̀ ní ìrẹ́kúrẹ̀ẹ́."

Ìgbà tó padà sí Ìlọ́fà ni ọ̀rọ̀ wá di ìjà. Abdulkareem káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní irọ́ ni.

"Fọ́tò rẹ̀ dà?"

"Ọwọ́ àwọn òyìnbó ló wà."

"Wọ́n á mú un wá lọ́la, àbí?"

Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ja ìjà yìí, wọn ò sì jẹun lọ́tọ̀ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, Gideon sùn, kò jí. Ọpẹ́yẹmí wálé wá sin ín. Nígbà tí èrò ti túká, Abdulkareem wá jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá Káfíńtà," ni Ọpẹ́yẹmí ní, "òótọ́ ni gbogbo ẹ̀ o. Ìyá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbi ààfin lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀," ni Abdulkareem wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Tí mo bá gbà fún un ni, kò ní sọ ọ́ mọ́." Ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n mo pè é lópùrọ́ fún ọdún mẹ́fà. Ta ni n ó wá bẹ̀ báyìí?"

Ọpẹ́yẹmí gbá a lọ́wọ́ mú. "Ẹ bẹ èmi. Màá bá Bàámi gbà á."

Bàbá arúgbó náà ṣí fìlà, ó sì bẹ̀ ẹ́.