Àdín Ìyá Kuta Di Ọṣẹ

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí iyán má dùn lẹ́nu mi mọ́ láéláé. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni.

Mikail, ará Ìwó, ló ń se ọṣẹ dúdú tà. Ìyàwó rẹ̀, Àgbékẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìyá Àgbékẹ́ sì ń bọ̀ láti Kuta wá máa wẹ ọmọ. Ìyá Kuta ti fi kẹ́ẹ̀gì àdín kan ránṣẹ́ ṣáájú, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ dín látinú ekùrọ́, kí wọ́n lè máa fi pa ọmọ lára. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Àgbékẹ́ gbé e sí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá máa dé gan-an ni àdín Mikail kò tó ó se ọṣẹ. Ó bẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, ó rí kẹ́ẹ̀gì. "Alihamudulilai!" Ó dà á sínú omi eérú tó ń hó lórí iná, ó rò ó, ó rò ó, títí ó fi ki, tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìgbà yẹn ni Àgbékẹ́ wá àdín tì.

"Bàbá Ìkókó, ẹ ti pa mí! Bí màámi bá fìbínú padà sí Kuta, ta ni yóò wẹ ọmọ? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé e bí ẹni gbé ẹ̀yinná?"

Òógùn bo Mikail. Ó bu omi tútù lé ọṣẹ, kí òróró lè léfòó. Ìfófó ló léfòó. Ó tún un sè. Ìfófó bo àgbàlá. Ewúrẹ́ rẹ̀ fẹnu kàn án, ó ń yọ ìfófó lẹ́nu káàkiri àdúgbò.

"Ẹ máa rò ó lọ," ni Àgbékẹ́ wí. "Bó bá pẹ́, á di ekùrọ́, á gun ọ̀pẹ padà."

Ibẹ̀ ni ọ̀kadà já Ìyá Kuta sílẹ̀. Mikail dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìfófó dé ìgúnpá.

"Ẹ káàbọ̀, màámi."

"Àdín mi dà?"

"Ó wà, màámi. Ó kàn le díẹ̀ ni."

Ìyá bu ọṣẹ, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ fún mi láàyè díẹ̀, màámi, màá dá a padà."

"Dá kí ni padà? O ti rí ẹni tó dín àkàrà tán, tó sọ ọ́ di ẹ̀wà rí? Òróró àti eérú ti fẹ́ra wọn, kò sí kóòtù tó lè tú wọn ká. Dìde, jàre! N kò padà sí Kuta, màá wẹ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá máa fọ ìlédìí rẹ̀, ọṣẹ yìí náà ni wàá fi fọ̀ ọ́, títí yóò fi tán."

Mikail wo ìkòkò, ó kún dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń búra fún oníbàárà pé ọṣẹ òun kì í tán bọ̀rọ̀. Ọmọ ti ń rìn báyìí; Mikail ṣì ń fọ ìlédìí.

Bí mo ṣe sọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo fi kún un. Mikail kò sin ewúrẹ́ rí.